Verbal àti Quantitative: bí ẹ ṣe lè bá ọmọ yín múra Common Entrance sílẹ̀ nílé

"Ìwé wo ni ká rà fún un?" Ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí jù lọ nìyẹn. Ọmọ wà ní Pírámárì 5 tàbí 6, ó ń múra sílẹ̀ fún Common Entrance, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó mọ Maths, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì geere, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé Quantitative tàbí Verbal síwájú rẹ̀, ńṣe ni yóò máa méfò. Ni ìyá bá ra ìwé kejì. Nígbà tó yá, ó tún ra ẹ̀kẹta.

Lójú tèmi, ìwé kọ́ ló kù. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò bi ọmọ náà pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Àìmọye ọmọ ló ti ṣe ọgọ́rùn-ún ìbéèrè, tí wọ́n ti bá a máàkì gbogbo rẹ̀, tí kò sì lè ṣàlàyé ìdí tí ẹyọ kan nínú èyí tó gbà fi tọ̀nà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Òbí àti olùkọ́ lẹ́sìn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Bí ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà tó fẹ́ ṣe ìdánwò tiyín, ẹ ka ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ wá lọ sí abala tí mo yà sọ́tọ̀ fún yín.

Ìdánwò tí à ń sọ

NECO ló ń ṣe Common Entrance ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí ọmọ fi ń wọ Unity School, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀: King's College l'Ékòó, Queen's College ní Yaba, Federal Government College Odògbólú, Federal Government Girls' College Ṣàgámù àti àwọn yòókù. Yàtọ̀ sí Maths, English àti àwọn iṣẹ́ mìíràn, abala Quantitative àti Verbal wà níbẹ̀. Ọmọ yóò mú ìdáhùn kan nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń ṣe ìdánwò tiwọn náà máa ń fi abala méjèèjì sí i.

Nọ́ńbà àti àwòrán ni Quantitative. Ọ̀rọ̀ àti lẹ́tà ni Verbal. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ohun tí ọmọ ń há sórí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè rí òfin tó fara pa mọ́ sábẹ́ ohun tí wọ́n fi hàn án.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé ìbéèrè kan tó ní ìdáhùn lẹ́yìn, tàbí past question, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá. Ẹyọ kan ti tó.
- Ìwé àjákọ kan tí a ó máa pè ní ìwé àṣìṣe.
- Pẹ́ńsù HB àti rọ́bà tí a fi ń pa nǹkan rẹ́.
- Aago, ṣùgbọ́n ẹ gbé e pamọ́ ná.
- Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, nígbà tí ọmọ kò tíì máa tòògbé.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé máa ń ṣì, pàápàá nínú àwọn past question tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà. Bí ọmọ bá ṣàlàyé ìdáhùn tirẹ̀ tí àlàyé náà sì bá gbogbo àpẹẹrẹ mu, ẹ má sọ fún un pé ó kùnà torí pé ìwé sọ nǹkan mìíràn. Ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ

1. Ẹ mú irú ìbéèrè kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn lẹ ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí, òun náà ni kí ẹ ṣe títí. Ẹ má pò ó mọ́ àwòrán.

2. Ìbéèrè mẹ́wàá, láìsí aago. Ọmọ tí ẹ bá ti ń pariwo "yára, yára" mọ́ láti ọjọ́ kìíní, ìméfò nìkan ni yóò kọ́.

3. Kó sọ òfin náà jáde lẹ́nu kó tó kọ ìdáhùn. Èdè yòówù kó fi sọ ọ́. Bí Yorùbá bá yá a lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá sọ ọ́.

4. Kó dán òfin náà wò lára gbogbo àpẹẹrẹ tí wọ́n fún un, kì í ṣe ẹyọ kan. Ibí ni iṣẹ́ wà. Mo máa fi hàn yín láìpẹ́.

5. Ẹ máàkì lójú ẹ̀. Bí ó bá kùnà, ẹ má sọ ìdáhùn. Ẹ bi í pé: "Àpẹẹrẹ wo ni òfin tìẹ kò bá mu?" Kó wá a fúnra rẹ̀.

6. Kó kọ ọ́ sínú ìwé àṣìṣe. Nǹkan mẹ́ta ni: ìbéèrè náà, ohun tí mo rò, ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ni kó kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ yín.

7. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó tún àwọn àṣìṣe náà ṣe láìwo ìdáhùn. Èyí tó bá tún kùnà, kó dúró síbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

8. Bí ó bá ti ń gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, tó sì ń ṣàlàyé wọn, ẹ bọ́ sí irú mìíràn. Nígbà tí ó bá ti mọ irú mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ wá pò wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó mú aago jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹfà ni àwọn òbí máa ń fò jù. Wọ́n á ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Bí ẹ bá máa fò ọ̀kan, ẹ fo ìbéèrè márùn-ún nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ má fo ìwé àṣìṣe.

Òfin méjì lè bá àpẹẹrẹ kan mu

Ẹ wo èyí. Àpótí mẹ́ta ni wọ́n fún ọmọ, nọ́ńbà méjì wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan nísàlẹ̀:

- 3 àti 4 lókè, 14 nísàlẹ̀
- 5 àti 2 lókè, 14 nísàlẹ̀
- 5 àti 6 lókè, 22 nísàlẹ̀

Ìbéèrè: 9 àti kí ni ó wà lókè, tí 26 fi wà nísàlẹ̀? A: 3, B: 4, C: 13, D: 17.

Ọmọ tó ń kánjú yóò wo àpótí kìíní nìkan. Yóò ní 3 lọ́nà 4 jẹ́ 12, fi 2 kún un, ó di 14. Òótọ́ ni, ó bá àpótí kìíní mu. Ó bá fi lé ìbéèrè lórí: yọ 2 kúrò nínú 26, ó ku 24, pín in sí ọ̀nà 9. Kò pín dọ́gba. Ni orí bá gbóná, ló bá mú èyí tó wù ú.

Kàkà bẹ́ẹ̀, kó gbé òfin rẹ̀ lọ sí àpótí kejì: 5 lọ́nà 2 jẹ́ 10, fi 2 kún un, 12. Àmọ́ 14 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òfin ti wó. Kó wá òmíràn: 3 pẹ̀lú 4 jẹ́ 7, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 14. Àpótí kejì: 5 pẹ̀lú 2 jẹ́ 7, ìlọ́po méjì, 14. Ẹ̀kẹta: 5 pẹ̀lú 6 jẹ́ 11, ìlọ́po méjì, 22. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó wá ku kó rìn ín padà sẹ́yìn. Ìdajì 26 jẹ́ 13. Yọ 9 kúrò, ó ku 4. B ni.

Ẹ tún wo àwọn ìdáhùn yòókù dáadáa, torí wọn kì í ṣèèṣì wà níbẹ̀. C ń dúró de ọmọ tó pín in sí méjì tó sì gbàgbé láti yọ 9. D ń dúró de èyí tó yọ 9 kúrò nínú 26 láìpín in. Ẹni tó kọ ìbéèrè mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ yóò ti yọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ọmọ sọ ohun tó burú nínú ìdáhùn mẹ́ta yòókù, kì í ṣe ohun tó dára nínú èyí tó mú nìkan.

Nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn

2, 5, 11, 23, 47, kí ló kàn? Kó kọ ìyàtọ̀ àárín wọn sábẹ́: 3, 6, 12, 24. Ìlọ́po méjì ni wọ́n ń lọ, nítorí náà 48 ló kàn, ìdáhùn sì jẹ́ 95.

4, 20, 7, 18, 10, 16, kí ni méjì tó kàn? Bí nọ́ńbà bá ń gòkè tó tún ń sọ̀, kó fura pé okùn méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀. Kó fo ọ̀kọ̀ọ̀kan: 4, 7, 10 ń fi 3 gòkè, 20, 18, 16 ń fi 2 sọ̀ kalẹ̀. 13 àti 14 ni ìdáhùn.

Lẹ́tà tí wọ́n pààrọ̀

Bí wọ́n bá kọ ADE ní BEF, báwo ni wọn yóò ṣe kọ OLU? Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣí sí iwájú lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà PMV ni. Èyí tó máa ń dẹ pańpẹ́ ni òdì rẹ̀: wọ́n á fún ọmọ ní JCB, wọ́n á ní kó sọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ló yẹ kó ṣí i sí, yóò sì rí IBA. Ọmọ tó bá tún ṣí i síwájú yóò rí KDC, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé KDC yóò wà nínú ìdáhùn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ni kó kọ lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì sí etí ìwé, kó fi nọ́ńbà sábẹ́ wọn. Bí kò bá fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀, EJOTY yóò ràn án lọ́wọ́: E jẹ́ 5, J jẹ́ 10, O jẹ́ 15, T jẹ́ 20, Y jẹ́ 25. Láti ibẹ̀ yóò ka ìwọ̀nba síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ń ka lẹ́tà láti ẹ̀yìn, 27 ni kó máa yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀: D jẹ́ ìkẹrin láti iwájú, 27 yọ 4, ó jẹ́ ìkẹtàlélógún láti ẹ̀yìn.

Verbal tí kò gba ọgbọ́n kankan

Ajá àti puppy, ewúrẹ́ àti kí ni? Ọmọ mọ ọmọ ewúrẹ́ dáadáa, bóyá ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé kid ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kò sí ìrònú tó lè bá a gbé e. Ọ̀rọ̀ ni kò ní. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé àṣìṣe, ẹ ya ìkùnà ti àìmọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìkùnà ti àìronú. Ti àkọ́kọ́, ìwé kíkà àti àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun ló lè wò ó: orúkọ ọmọ ẹran, akọ àti abo, òdìkejì ọ̀rọ̀, irinṣẹ́ àti ẹni tó ń lò ó. Ẹ má fi ìyà lẹ́sìn jẹ ẹ́ lórí èyí.

Kíka ọjọ́

Èyí máa ń kó bá ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé. Bí ìyá àgbà bá ní ọjà kan jẹ́ ọjà ọrún, tó sì bọ́ sí Mọ́ńdè òní, Fúráìdè ni yóò tún ná, nítorí òní wà nínú ohun tí à ń kà: Mọ́ńdè ọ̀kan, Túsìdè méjì, Wẹ́sìdè mẹ́ta, Tọ́sìdè mẹ́rin, Fúráìdè márùn-ún. Ìdánwò kì í ka òní mọ́ ọn. "Five days after Monday" jẹ́ Sátidé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìka ka méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní ṣì í mọ́.

Bí ọjọ́ bá pọ̀, kó pín in sí ọ̀nà 7, kó mú èyí tó ṣẹ́kù. Òní Túsìdè, ọjọ́ wo ni yóò jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 45? 7 lọ́nà 6 jẹ́ 42, ó ṣẹ́ ku 3. Túsìdè pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́ta, Fúráìdè.

Ta ló ga jù, ta ló tẹ̀ lé e, ibo ló dojú kọ

Kúnlé ga ju Ṣadé lọ. Bọ́lá ga ju Kúnlé lọ. Wálé kúrú sí Ṣadé. Tọ́pẹ́ wà láàárín Kúnlé àti Ṣadé. Ta ló wà láàárín gbogbo wọn? Ọmọ tó bá fẹ́ fi orí ṣe é yóò rú u lójú. Kó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn sórí ìlà kan, kó máa tò wọ́n bí ó ṣe ń kà: B, K, T, S, W. Tọ́pẹ́ ni.

Ní ti ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń rìn ni kó wò, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀. Ọkùnrin kan rin máìlì 4 sí àríwá, ó yà sọ́tùn-ún ó rin 3, ó tún yà sọ́tùn-ún ó rin 4. Ibo ló wà sí ilé rẹ̀? Kó ya á, kó sì máa yí ìwé náà bí ọkùnrin yẹn ṣe ń yà. Máìlì 3 sí ìlà oòrùn ni. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò náà, ẹnikẹ́ni kò ní ká a lọ́wọ́ kò láti yí ìwé.

Bí ó bá jẹ́ ti ẹbí, kó máa rántí pé brother inú ìbéèrè jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá ẹni, uncle sì kì í ṣe gbogbo ọkùnrin tó bá ti wá kí dádì.

"Gbogbo" àti "àwọn kan"

Gbogbo awakọ̀ dánfó ló ní láísẹ́ńsì. Àwọn kan nínú àwọn tó ní láísẹ́ńsì jẹ́ olùkọ́. Ṣé ó dájú pé àwọn awakọ̀ dánfó kan jẹ́ olùkọ́?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí torí pé ọmọ Èkó yóò kọ́kọ́ jiyàn pé irọ́ ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ sì sọ fún un pé ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni òótọ́ fún ìṣẹ́jú yẹn. Ohun tó mọ̀ nípa Ọ̀ṣòdì kò kan ìbéèrè. Kó ya òbìrí ńlá kan fún àwọn tó ní láísẹ́ńsì. Kó ya òbìrí kékeré sínú rẹ̀ fún awakọ̀ dánfó. Níbo ni kó wá ya òbìrí àwọn olùkọ́ sí? Ó lè kan ti awakọ̀, ó sì lè jìnnà sí i nínú òbìrí ńlá yẹn. Nígbà tí ó ti ṣeé yà lọ́nà méjì, kò dájú.

Nígbà tí aago bá wọlé

Ẹ pín ìṣẹ́jú ìdánwò sí iye ìbéèrè kí ọmọ mọ bí ìbéèrè kan ṣe yẹ kó pẹ́ tó. Èyí tó bá ti lé ní ìlọ́po méjì rẹ̀, kó sàmì sí i, kó máa lọ. Kó padà wá. Bí ìlànà ojú ìwé àkọ́kọ́ kò bá sọ pé wọ́n ń yọ máàkì fún ìkùnà, kó má fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo nígbà tí àkókò bá ń tán lọ.

Ohun tó ń ba ọmọ ọlọ́pọlọ jẹ́ jù ni ṣéèdì, ìyẹn fífi pẹ́ńsù kun òbìrí ìdáhùn tó mú lórí ìwé ìdáhùn. Ó fo ìbéèrè 14, ṣùgbọ́n kò fo ìlà 14 lórí ìwé ìdáhùn. Láti ibẹ̀ títí dé òpin, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ti sún sókè ní ìlà kan. Ẹ kọ́ ọ pé lẹ́yìn ìbéèrè márùn-ún márùn-ún, kó fi ìka kan nọ́ńbà inú ìbéèrè, kó fi ìka kejì kan ti ìwé ìdáhùn, kó rí i pé wọ́n bára mu. Ẹ fi òbìrí kíkùn dánra wò nílé pẹ̀lú. Bí ó bá pa ọ̀kan rẹ́, kó pa á rẹ́ pátápátá.

Bí kò bá sí owó lẹ́sìn, tàbí bí ẹ kò bá ráyè

- Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní JSS jókòó tì í. Kò pọn dandan kó mọ ìdáhùn, kó ṣáà máa béèrè "báwo lo ṣe mọ̀?"
- Kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ ìbéèrè márùn-ún fún yín, pẹ̀lú ìdáhùn pańpẹ́ mẹ́ta lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí lágbára ju ogún ìbéèrè inú ìwé lọ.
- Nínú bọ́ọ̀sì tàbí nídìí ọjà, nọ́ńbà ọkọ̀ àti kíka ọjọ́ ti tó.
- Ayò náà ń kọ́ni ní ríronú síwájú, àmọ́ kò lè rọ́pò ìbéèrè.

Fún àgbàlagbà, àti àwọn tó wà lókè òkun

Ìdánwò aptitude ti ilé iṣẹ́ àti ti scholarship ń lo "gbogbo" àti "àwọn kan" ju ti ọmọdé lọ, wọ́n sì ń fi tábìlì nọ́ńbà kún un. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ yẹn kò yí padà. Ẹ kàn máa sọ òfin náà sétí ara yín ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ LSAT fún ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra fún ìwé àlòkù. Láti oṣù kẹjọ 2024 ni wọ́n ti yọ Logic Games, abala títo nǹkan tàbí ènìyàn ní ìbámu pẹ̀lú òfin, kúrò. Abala Logical Reasoning méjì àti Reading Comprehension kan ni wọ́n ń ka máàkì wọn báyìí. Ní England, 11-plus tí ọmọ fi ń wọ grammar school sábà máa ń ní verbal àti non-verbal reasoning nínú. Oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Year 6, ni ti agbègbè Kent máa ń wáyé, nítorí náà Year 5 ni iṣẹ́ wà.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò

- Ìwé àṣìṣe nìkan ni kó kà. Kò sí ìbéèrè tuntun.
- Pẹ́ńsù HB méjì tí ẹ ti gbẹ́, rọ́bà kan tí kò ní máa dọ̀tí ìwé.
- Ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpò, ẹ sì ti mọ ilé ẹ̀kọ́ tí yóò ti ṣe é àti ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀.
- Aago ọwọ́, bí wọ́n bá gbà á láyè.
- Kó tètè sùn. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ̀yin náà sì yé bi í ní ìbéèrè.